Omi Tó Kù Lábẹ́ Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣírò UKC Kí Ọkọ̀ Ńlá Tó Gba Torres Strait Kọjá

Ẹsẹ̀ kan la fi ń wọn odò. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 225, tó kó èédú ilẹ̀ bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin tọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ wo ni yóò fi wọn odò tirẹ̀? Tó bá ti wọlé, gbogbo ara ló bá wọlé. Bírò àti ìwé la fi ń bá a wọn odò náà ṣáájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró lórí yàrá ìtukọ̀ ni mo ń kọ èyí fún, kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń ṣe é láti ibi tí ọkọ̀ ti ń kó ẹrù títí omi yóò fi tún jìn lábẹ́ yín.

Omi tó ṣẹ́kù láàárín ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti ilẹ̀ òkun là ń pè ní UKC. Ní agbami, kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀. Torres Strait ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, ìyẹn ọ̀nà omi tó wà láàárín Cape York ní Ọsirélíà àti Papua New Guinea, nítorí gbogbo ohun tó lè yọ awakọ̀ lẹ́nu ló pé síbẹ̀. Omi ò jìn, ọ̀nà tóóró, omi ń sáré, òkìtì iyùn wà lọ́tùn-ún lósì. Koríko inú òkun pọ̀ níbẹ̀, òun sì ni ìjàpá òkun àti dugong ń jẹ. Ìbátan manatee tó wà nínú ọ̀sà tiwa ni dugong. Àwọn ará erékùṣù ibẹ̀ ń ti inú òkun yẹn jẹun. Ọdún 1990 ni IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ojú òkun, ti kéde Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ńlá Ọsirélíà, ní agbègbè òkun tó nílò ààbò pàtàkì, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Wọ́n na ààbò náà dé Torres Strait ní 2005.

Ní Èkó, ọkọ̀ tó bá kan ilẹ̀ lè bá iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ pàdé. Iyanrìn máa ń dárí jini díẹ̀. Iyùn àti àpáta kì í dárí jini, ẹni tó bá sì bà wọ́n jẹ́ kò ní rí wọn kí wọ́n san padà lójú ayé rẹ̀.

1. Ẹ ka òfin ibẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣirò

Èyí kò gba àkókò. Ní Torres Strait, ọkọ̀ tí draft rẹ̀, ìyẹn bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe rì tó sínú omi, bá ju mítà 12.2 lọ kò gbọdọ̀ kọjá rárá. Ọkọ̀ tó bá gùn tó mítà 70, àti ọkọ̀ epo, kẹ́míkà tàbí gáàsì tó bá ru ẹrù, bó ti wù kó kéré tó, gbọ́dọ̀ gbé páílọ́ọ̀tì, ìyẹn atukọ̀ tó mọ ọ̀nà omi ibẹ̀. Ó ti di dandan láti 2006. Ọkọ̀ tí draft rẹ̀ tó mítà 8 sókè gbọ́dọ̀ gba àyè àkókò rẹ̀ láti inú UKCM, ètò ìṣirò UKC tí AMSA, àjọ ààbò ojú omi Ọsirélíà, ń lò láti 2011. Ibùdó aṣọ́kọ̀ tí wọ́n ń pè ní REEFVTS sì ń ṣọ́ ọ̀nà náà tọ̀sán tòru. Ẹ ní láti máa ròyìn fún wọn.

Ẹ tún ka ìwé òfin ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń sọ pé UKC kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún draft. Nínú òfin méjèèjì, èyí tó bá le jù ni kí ẹ tẹ̀ lé.

2. Ẹ mọ draft yín gan-an, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń bàjẹ́, nítorí kò dà bí ohun tó le.

Ní èbúté kan tí a ti kó èédú, ìwé tí wọ́n gbé wá fún wa sọ pé mítà 11.95 ni draft wa, kí a fọwọ́ sí i, aago ń lọ. Igbákejì ọ̀gákọ̀ ò dá wọn lóhùn. Ó ní kí n bá òun sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré kan. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mo di tọ́ọ̀ṣì mú, òun di ìwé. Nọ́ńbà draft tí wọ́n kùn sára irin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹsẹ̀ nọ́ńbà ni a sì ń kà. Omi ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára irin náà bí ẹni ń mí. Bàbá náà ò kà á lẹ́ẹ̀kan kó kúrò: ó dúró kó gòkè, ó kọ ọ́; ó dúró kó sọ̀, ó kọ ọ́; ó ṣe é tó ìgbà márùn-ún, ó wá mú àárín. Iwájú ọkọ̀ 11.94. Ìdíkọ̀ 11.97. Nígbà tí a yí dé àárín, 12.11.

Ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹ bá fi iwájú àti ìdíkọ̀ nìkan ṣe ìṣirò, ọkọ̀ yẹn kò tó mítà 12. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín bí pákó tí ènìyàn mẹ́ta jókòó lé, sẹ̀ǹtímítà 15 sì ti bọ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Nítorí náà, ojú mẹ́fà ni kí ẹ kà: iwájú, àárín, ìdíkọ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Èyí tó bá jìn jù lọ ni draft yín fún ìṣirò UKC.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ohun tí epo àti omi mímu tí ẹ óò lò lójú ọ̀nà yóò yí padà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀yìn ni epo máa ń wà. Bí ó bá ń tán, iwájú á máa rì. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ọkọ̀ tẹ́ lọgbọọgba nígbà tí ẹ bá dé ibi tí omi kò jìn.

Ẹ má gbàgbé iyọ̀ omi. Ọkọ̀ tí draft rẹ̀ jẹ́ mítà 12 nínú omi òkun yóò rì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí i tó bá wọ omi tí kò níyọ̀ rárá. Omi Torres Strait níyọ̀ dáadáa, kò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ń wọ Èkó lásìkò òjò, tí omi odò ti ya wọ ọ̀sà, ló yẹ kó rántí èyí.

3. Jíjìn tó wà lórí chart: ta ló wọ̀n ọ́n, nígbà wo?

Nọ́ńbà jíjìn tí ẹ rí lórí chart, ìyẹn àwòrán ojú òkun, ẹnì kan ló wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan. Lọ́dún 1970, ọkọ̀ epo Oceanic Grandeur fara gbá àpáta kan nínú Torres Strait, epo sì tú sínú òkun. Àpáta yẹn kò sí lórí chart kankan.

Lórí chart orí kọ̀ǹpútà, ẹ wá àmì CATZOC, òun ló ń sọ bí ìwọ̀n ibẹ̀ ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó. Fún A1, àṣìṣe tó lè wà nínú jíjìn jẹ́ mítà 0.5 àti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jíjìn náà. Fún B, mítà 1 àti ìdá méjì. Fún C, mítà 2 àti ìdá márùn-ún. Níbi tí omi jìn ní mítà 12, A1 á mú mítà 0.62 lọ, C á mú mítà 2.6 lọ. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ń bá sẹ̀ǹtímítà 5 jà nínú ìṣirò omi kíkún, tí kò sì yẹ CATZOC wò rárá.

4. Omi kíkún: àdéhùn àkókò ni

Òkun Arafura wà níwọ̀ oòrùn Torres Strait, Coral Sea wà ní ìlà oòrùn. Òkun méjèèjì kì í kún pọ̀, wọn kì í sì í fà pọ̀. Bí ti ìhín bá ń kún, ti ọ̀hún lè ti máa fà, omi á sì máa ya láàárín àwọn erékùṣù láti ibi tó ga sí ibi tó kéré. Ìdí nìyí tí ìwé omi kíkún èbúté kan ṣoṣo kò fi tó. Ẹ óò kọ gbogbo ibi tí omi ti kéré jù lọ sílẹ̀, Prince of Wales Channel, Gannet Passage tàbí Varzin Passage, bí ọ̀nà yín bá ṣe rí. Ẹ kọ aago tí ẹ óò dé ibì kọ̀ọ̀kan, àti bí omi yóò ti ga tó níbẹ̀ ní aago yẹn.

Ohun tí UKCM ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ ó fi draft, ìdúróṣinṣin ọkọ̀, eré tí ẹ fẹ́ sá àti ọ̀nà yín ránṣẹ́. Yóò fi wọ́n pọ̀ mọ́ omi kíkún, ìṣàn omi àti ìrugùdù, yóò sì dá àyè àkókò padà fún yín: láti aago báyìí sí aago báyìí ni ẹ lè kọjá. Tí ẹ bá pẹ́, àyè náà ti lọ nìyẹn. Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ti ṣe é tán kí ẹ máa sùn o. Ohun tí ẹ fún un ló fi ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fún un ní 11.95 nígbà tó jẹ́ 12.11, irọ́ tó mọ́ tónítóní ni yóò dá padà fún yín.

Ẹ tún wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lórí barometer. Bí ó bá lọ sókè ju 1013 lọ, gbogbo hPa kan á tẹ omi sílẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ó kéré, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Squat: eré ni ọkọ̀ fi ń rì

Tí mo bá lè mú kí ẹ rántí ohun kan ṣoṣo, èyí ni. Ọkọ̀ tó ń sáré níbi tí omi kò jìn máa ń rì ju ìgbà tó dúró lọ. Omi tó ní láti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kò rí àyè, nítorí náà ó ń sáré sí i. Omi tó bá sì ń sáré, agbára tó fi ń gbé ọkọ̀ sókè ń dín kù. Ọkọ̀ á wá fìdí lélẹ̀ díẹ̀. Kò sí ihò, kò sí ẹrù tó pọ̀ sí i. Ọwọ́ yín tó wà lórí ínjìn ló rì í.

Ìṣirò Barrass ni a ń lò lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú Cb, ìyẹn bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe sún mọ́ àpótí tó. Ẹ fi eré yín ní knot, ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú omi, sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi eré kan náà sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ pín in sí 100 bí ibẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, sí 50 bí ó bá tóóró bíi kànáàlì. Èsì rẹ̀ jẹ́ mítà. Ọkọ̀ èédú tí Cb rẹ̀ jẹ́ 0.80, ní knot 12 níbi tó ṣí sílẹ̀: 1.15. Ní knot 8: 0.51. Ní knot 6: 0.29. Ẹ rí i pé dídín eré kù láti 12 sí 8 ti dá mítà 0.64 padà fún yín. Kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo ìṣirò yìí tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ òkun kì í gbọ́ àṣẹ, òkun kì í gbọ́ àṣẹ. Ínjìn ń gbọ́.

Ẹni tó bá rò pé ìwé ni gbogbo èyí, kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ èrò Queen Elizabeth 2 ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1992. Nítòsí erékùṣù Cuttyhunk ní Massachusetts, páílọ́ọ̀tì wà nínú ọkọ̀, chart ń fi hàn pé omi tó. Ọkọ̀ ń sáré bíi knot 24, squat ju ohun tí wọ́n rò lọ, àpáta sì wà níbi tí ìwọ̀n àtijọ́ kò rí i. Abẹ́ ọkọ̀ ya kọjá lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nìyí: eré tí wọ́n ń kà lórí GPS ni wọ́n fi ń ṣírò squat. Eré ọkọ̀ nínú omi ni squat mọ̀. Bí omi tó ń sáré ní knot 3 bá ń tì yín lẹ́yìn, GPS lè kà 11 nígbà tí ẹ ń gba inú omi kọjá ní 8. Bí omi náà bá kọjú sí yín, GPS á kà 8, ẹ ó sì rò pé ẹ ń lọ jẹ́jẹ́. 11 ni ẹ ń lọ nínú omi, squat yín sì ti súnmọ́ mítà kan. Níbi tí omi ti ń sáré bíi ti Torres Strait, ẹ̀rọ tó ń ka eré nínú omi ni kí ẹ máa wò.

Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ kún bí àpótí, iwájú ló sábà ń kọ́kọ́ rì. Ọkọ̀ kọntéénà tó tẹ́ẹ́rẹ́, ìdíkọ̀ ni.

6. Títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àti ìrugùdù

Tí ọkọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 32 bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì kan péré, igun rẹ̀ á rì ní sẹ̀ǹtímítà 28. Dígírì méjì, 56. Ìyípadà ọ̀nà tàbí afẹ́fẹ́ lè fa èyí, nítorí náà ẹ má yí ìtọ́kọ̀ gidigidi níbi tí omi ti kéré jù. Ìrugùdù náà ń gbé ọkọ̀ sókè, ó sì ń jù ú sílẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

7. Ẹ wá kó o pọ̀

Nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ ni ìwọ̀nyí o. Chart ní mítà 12.0, omi kíkún jẹ́ 2.5: gbogbo rẹ̀ 14.5. Draft 12.0, ó ku 2.5. Squat ní knot 8 jẹ́ 0.51, ó ku 1.99. Títẹ̀ dígírì kan, 0.28, ó ku 1.71. Ìrugùdù 0.2 àti àṣìṣe omi kíkún 0.2; ó ku 1.31. CATZOC A1 jẹ́ 0.62, ó ku 0.69.

Mítà méjì àbọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀! Ẹ wá wò ó tí ẹ bá kọjá ní knot 12: sẹ̀ǹtímítà 5. Kò ga tó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín yìí tí ẹ bá gbé e dúró.

Bí òfin ilé iṣẹ́ yín bá ń bèèrè mítà 1.2, 0.69 kò tó. Ẹ lè dín eré kù sí 6, á di 0.91, kò tíì tó, ọkọ̀ sì lè má gbọ́ ìtọ́kọ̀ dáadáa mọ́ níbi tí omi ti ń ya. Ó sàn kí ẹ dúró de omi. Bí omi kíkún bá dé 3.1, ẹ ó ní 1.29 ní knot 8. Ẹ kọ aago yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tí kò ní sí mọ́.

8. Kí páílọ́ọ̀tì tó wọlé

Ẹ tò ó sínú ECDIS, ẹ̀rọ tó ń gbé chart orí kọ̀ǹpútà. Ìṣòro kan wà níbẹ̀: bí ẹ bá fi safety contour, ìlà jíjìn tí ẹ kò fẹ́ kọjá, sí mítà 13, tó sì jẹ́ ìlà 10, 15 àti 20 nìkan ló wà nínú chart, ẹ̀rọ á gbé e lọ sí 15 fúnra rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà náà á di búlúù, ìkìlọ̀ á máa ké láìdákẹ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lẹ́nu mọ́ láìwò ó. Ẹ fi ọwọ́ ya ìlà tiyín sórí ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dé. Ẹ sàmì sí ibi tí ẹ ti lè yí padà kẹ́yìn, àti ibi tí ẹ ti lè ju ìdákọ̀ró sí láì kan iyùn.

Bí páílọ́ọ̀tì bá dé, kí ọ̀gákọ̀ gbé ìṣirò tiyín jáde, kí páílọ́ọ̀tì gbé tirẹ̀, kí wọ́n fi wéra. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má tíì wọlé. Ọmọ kékeré nínú yín lè rí i kí àgbà tó rí i. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, draft tó wà lórí ìwé yín yìí, ti àná ni.”

9. Nígbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀

Ẹ tan echo sounder, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn jíjìn omi, kí ẹ mọ̀ bóyá láti abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń kà tàbí láti ojú omi. Mo mọ ọkọ̀ kan tí wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín pé omi pọ̀, àṣé draft wọn wà nínú ohun tí wọ́n ń kà.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ilẹ̀ bá ti súnmọ́. Ọkọ̀ á gbọ̀n. Ìtọ́kọ̀ á lọ́ra. Eré á dín kù láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ínjìn, ìgbì tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ á tóbi, omi ẹ̀yìn á sì di pupa tàbí àwọ̀ ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ló ń bò koríko tí dugong ń jẹ, nítorí náà kó tó di ewu fún ọkọ̀ ló ti di ìyà fún wọn. Ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dá ínjìn dúró lójijì, ọkọ̀ kò ní gbọ́ ìtọ́kọ̀.

Bí ìṣirò bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, bí ínjìn bá falẹ̀ tí àyè àkókò sì ń lọ, ẹ sọ fún REEFVTS, ẹ yí padà kí ẹ tó kọjá àmì yín. Ẹ má tú ballast, omi tí ọkọ̀ ń gbé kó lè dúró dáadáa, dà sílẹ̀ níbẹ̀ láti mú ọkọ̀ fúyẹ́. Omi èbúté mìíràn, pẹ̀lú ohun abẹ̀mí inú rẹ̀, ni ẹ ń dà sórí iyùn yẹn. Bí ọkọ̀ bá sì ti jókòó, ẹ má fi ínjìn jà á kúrò kí ẹ tó mọ ohun tó wà lábẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ Shen Neng 1 gun Douglas Shoal ní Great Barrier Reef ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2010, nítorí ẹni tó wà lórí iṣẹ́ ti rẹ̀ jù tí kò yí ọ̀nà padà lákòókò, ọkọ̀ náà fi ara ha iyùn káàkiri ibẹ̀, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ tó ní májèlé sì ṣẹ́kù sórí rẹ̀. Ọdún 2016 ni àdéhùn owó ìtúnṣe tó jáde, mílíọ̀nù 39.3 dọ́là Ọsirélíà.

10. Lẹ́yìn tí omi bá ti jìn

Kí tíì tó tutù lọ́wọ́ yín, ẹ kọ nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí echo sounder kà, aago rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, eré yín nínú omi nígbà náà, àti iye tí ìṣirò yín ti sọ. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kan náà pẹ̀lú ìṣirò àkọ́kọ́. Ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ní èbúté tó kàn lè máà rí yín bèèrè.